Akoto Olórí Méjì

Akoto náà gbóná. Ohun àkọ́kọ́ tí kò yé Mìkáílù nìyẹn. Oṣù kejì ọdún 1991 ni, yìnyín ti bo ojú títì Plumstead ní Lọ́ńdọ̀nù, hítà ìsọ̀ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Síbẹ̀, irin dúdú tí ọkùnrin òyìnbó yìí tú jáde nínú táwẹ̀lì gbóná bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i lórí ẹnìkan.

Bàtà ni Mìkáílù ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn sójà Woolwich tó fẹ́ràn láti máa kó nǹkan ogun àtijọ́ jọ ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dára sí awọ inú akoto, òun ni wọ́n sì ń gbé e wá fún. Nígbà tó fi máa tún bí ọgọ́rùn-ún ṣe, ojú rẹ̀ ti là sí i. Àti pé panápaná lòun fúnra rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá ní Èkó kó tó rìnrìn-àjò. Ó mọ ohun tí orí ń fẹ́ nígbà tí òrùlé bá ń já bọ́.

Kenneth ni ọkùnrin náà ń jẹ́, létà ló ń pín káàkiri àdúgbò. Ó ní bàbá òun tó kú lóṣù tó kọjá ló mú akoto náà bọ̀ láti Jámánì lẹ́yìn ogun.

"Mo fẹ́ mọ ẹni tó ni ín," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọlọ́pàá ni àbí panápaná?"

Mìkáílù gbé e síbi fèrèsé. Ẹyẹ idì àwọn ọlọ́pàá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó, torí abẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kó panápaná sí ní Jámánì láyé ogun. Ẹyẹ kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ó wo àwọn ihò kéékèèké tí atẹ́gùn ń gbà. Ó wo awọ tó bo ẹ̀yìn ọrùn. Lẹ́yìn náà, ó fi èékánná ra àtàrí akoto náà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi méjì tí ọ̀dà ti wú díẹ̀.

"Panápaná ló kọ́kọ́ dé e," ó ní. "Irin funfun kan wà níbí tẹ́lẹ̀, tó dúró bí ògbe orí àkùkọ. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n dí ihò rẹ̀, wọ́n sì tún un kùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e fún ọlọ́pàá."

Kenneth fi ìka kan ibi méjì náà. "Ẹni méjì nìyẹn," ó wí. "Èwo nínú wọn ló wá ń kànkùn?"

Kí Mìkáílù tó béèrè ohun tó ń sọ, ó ti gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kò, kò, kò. Láti inú irin náà ni. Ó dáwọ́ dúró díẹ̀, ó tún di mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní Èkó gan-an nìyẹn, pé kí ẹni tí ilé bá wó mọ́ máa kan nǹkan: ẹ̀ẹ̀mẹta, kó sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi di ọ̀la," ó ní. Kò mọ ohun tó sún un sọ bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tó gbé e dé ilé wọn ní Thamesmead, lórí àjà kẹsàn-án. Medinat ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ń wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́. Ó fa imú.

"Baba Ikram, kí lẹ gbé wọlé yìí? Ó ń rùn bí ilé tó jó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síta. Mi ò fẹ́ trouble nínú house mi o."

Mìkáílù gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akoto náà tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń rìn lọ sápá òsì ni ìró náà ń yára sí i, nígbà tó sì máa dé iwájú ilẹ̀kùn Phoebe, ìyá arúgbó tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, kò sinmi mọ́ rárá. Ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Medinat! Pe fire brigade!"

Ó pariwo orúkọ Phoebe, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ já, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì dì í mú lókè. Láìronú, ó dé akoto náà sórí, ó sì fi gbogbo ara lu ilẹ̀kùn títí tó fi ya wọlé.

Èéfín ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń rá. Kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Lójijì, ẹnìkan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń fà á lọ síwájú. Ó rò pé Phoebe ni, àfìgbà tó bá Phoebe nílẹ̀ ní ìkángun yàrá, tó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó wọ́ ọ jáde. Ìkòkò ni Phoebe gbàgbé sórí sítóòfù. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí Medinat gbé orí rẹ̀ lé itan, ó la ojú.

"Àwọn ọkùnrin yẹn ńkọ́?" ó béèrè.

"Èmi nìkan ló wọlé, Mummy," ni Mìkáílù dá a lóhùn.

"Rárá o. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí o tó dé. Ọ̀kan kúnlẹ̀ tì mí, ó ń sọ èdè tí mi ò gbọ́, ó sì ń kan ilẹ̀, ó ń kàn án. Ògbe funfun wà lórí akoto tiẹ̀." Ó wúkọ́. "Èkejì, tí akoto tiẹ̀ kò ní ògbe, dúró ti ilẹ̀kùn. Òun ló há a."

Mìkáílù padà lọ wo ilẹ̀kùn náà. Irin tí wọ́n fi ń há a láti inú ti tẹ̀ kọdọrọ. Òkè pátápátá ló wà, níbi tí òun alára ní láti nàgà kó tó kàn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí Phoebe ò ti lè dìde dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Kenneth dé ìsọ̀. Mìkáílù gbé akoto náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀dà àtàrí rẹ̀ ti bó dànù, ihò méjèèjì ti là gbayawu, kò sì dún mọ́. Ó ròyìn ohun gbogbo fún un.

"Panápaná yẹn ti lọ," ó ní. "Ó ti rí ẹni tó ń wá gbà là. Ó ti sinmi."

Kenneth mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú náà tún yí padà.

"Èkejì wá ńkọ́?"

Mìkáílù tún gbé akoto náà, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn wọn, lára ilẹ̀kùn ìsọ̀ tí kò ní irin ìhálẹ̀kùn kankan láti ọjọ́ tó ti gbà á, wọ́n gbọ́ irin tó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì bọ́ sínú ihò rẹ̀.

Ìsọ̀ yẹn ò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.