Obìnrin Inú Àlàfo

Wọ́n fi ọ̀dà funfun pa iṣẹ́ Ràmọ́tà rẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ògiri ológiri jẹ́. Irọ́ gbuu ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rèé, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Kò sí àbùmọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní àròsọ ni, kó gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó dúró ní òdìkejì títì, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ràmọ́tà. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní àwòrán yíyà. Pátákó ṣọ́ọ̀bù ló ń kọ tẹ́lẹ̀: "Aṣerunlóge", "A ń ta yìnyín níbí". Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn já pátákó ìpolówó ńlá kan lulẹ̀ nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Ojú olóṣèlú kan ló wà lára rẹ̀. Ràmọ́tà bẹ̀rẹ̀ wò ó, kò rí ojú kankan. Àmì róbótó-róbótó ló rí, kéékèèké, pupa, búlúù, yẹ́lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó sún sẹ́yìn, ojú olóṣèlú padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún sún mọ́ ọn, ojú lọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí àwọn ọlọ́jà fi ń bi í pé ṣé kò sí nǹkan.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi àmì ya ilẹ̀: òkè, odò, igbó, ọ̀nà oko. Á ti ìdí burọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan, á gbé e kúrò. Kì í po àwọ̀ pọ̀. Bó bá ń wá ewé tútù, á to yẹ́lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, ojú ẹni tó ń wò ó ni yóò bá a pò ó. Láàárín àmì kan sí èkejì, á fi àlàfo sílẹ̀ kí funfun ara ògiri lè máa yọjú, nítorí bí àwọn àmì bá gun ara wọn, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Kì í sì í ya èèyàn. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo oníṣẹ́ tó ń wá: ẹni tó bá ń wá ojú èèyàn, kó lọ bá onífọ́tò.

Ilé baba rẹ̀ ní yàrá mẹ́fà. Márùn-ún wà ní títì pa. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ọmọ, àwọn àbúrò rẹ̀ wà l'Ékòó àti Ìlọrin, wọn kì í wálé. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ á ṣú, tí kò ní tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju "ẹ fún mi ní búrẹ́dì" lọ. Iṣẹ́ yìí nìkan ló ń bá a gbé.

Ìgbà ọyẹ́ ni Alàgbà Dámisí Ògúndìran pè é wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Baba wọn ti kú, ọdún kan ti ń pé lọ. Wọ́n fẹ́ kó ya oko baba náà sára ògiri ilé rẹ̀, ní ojú títì, kí tọmọdé tàgbà máa rí i: òkè àpáta, igi kajú ńlá kan, àti ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ìdí igi náà wá sílé. Wọ́n gbà pé kó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Orúkọ Ràmọ́tà ò tíì hàn lára ògiri kankan rí. Nítorí orúkọ yẹn, ó gbà láti máa sùn ní yàrá kan lẹ́yìn ilé náà, tó ti ṣófo, títí iṣẹ́ á fi parí. Ó gun ọ̀kadà lọ wo oko náà. Ó dúró níbẹ̀ láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Kò rí ẹnikẹ́ni.

Fọganáísà kan wà ní òdìkejì títì, Mùnírù lorúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó sọdá wá, ó na ọrùn sún mọ́ ògiri.

"Ìyá Ọ̀yọ́! Ògiri yìí ti ní ẹ̀ẹ̀yi o! Ẹ jẹ́ n lọ ra kàlámáìnì wá fún un."

"Táyà tó o lẹ̀ fún ọlọ́kadà àná ti tún jò. Òun ni kó o lọ fi kàlámáìnì pa."

"Háà! Ìyá, ẹ má ba ọjà mi jẹ́ o!"

Ó sọdá padà, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe yíjú padà báyìí, ó rí òkè, ó rí igi. "Àṣé ọ̀dọ̀ tèmi ni oko wà," ló wí. Inú Ràmọ́tà dùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni nǹkan yí padà. Ọ̀sán gangan ni. Kò sí ọkọ̀ lójú títì. Ẹ̀rọ tí Mùnírù fi ń fa atẹ́gùn sí táyà ti dákẹ́. Mùnírù ti lọ kírun. Ewé ò mì. Ràmọ́tà sọdá láti wo ibi tí iṣẹ́ dé.

Obìnrin kan dúró lábẹ́ igi kajú.

Ó kọ ẹ̀yìn sí títì. Ó ga. Ó ró ìró, ó gbé ọwọ́ kan lérí. Funfun ni láti òkè délẹ̀.

Ràmọ́tà rọra sọdá padà, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹyẹ fò. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ni obìnrin náà ń tú ká. Nígbà tó dé ìdí ògiri, àmì ló kù níbẹ̀, àmì tirẹ̀, bó ṣe tò wọ́n. Kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Àwọn àlàfo tó fi sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Àwọn àlàfo náà ni obìnrin náà.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀. Oòrùn ti ń pa ògiri náà láti àárọ̀. Ibẹ̀ tutù bí ara ìkòkò omi.

Ó fi yẹ́lò dí àwọn àlàfo náà. Ó sọdá, ó wò ó: igi kajú nìkan ló kù. Ó mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, obìnrin náà ti kúrò lábẹ́ igi. Ó ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ó ti tóbi sí i. Ẹ̀yìn ló ṣì kọ sí títì, síbẹ̀ ó ti sún mọ́ títì.

Mùnírù ti mọ́sálásí dé, ó gbé bútà lọ́wọ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràmọ́tà. Kò pariwo lọ́jọ́ yẹn.

"Ìyá Ọ̀yọ́. Ẹ ní ẹ kì í ya èèyàn."

"N kì í yà á."

"Ta wá lèyí?"

"Ìwọ náà rí i?"

Mùnírù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ẹ̀yìn ló kọ sí wa lóòótọ́, àmọ́ ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ wa."

Ràmọ́tà tún dí i. Ó tún dé. Bó bá dí ibí, á bọ́ sí ọ̀hún, ó sì ń sún mọ́ títì sí i lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kejìlá, Alàgbà Dámisí dé. Ó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín níwájú ìsọ̀ Mùnírù.

"Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Wọ́n ní oko bàbá ti dé títì!"

Ó yíjú sí ògiri. Ẹ̀rín náà ò parí. Ó ṣí fìlà lórí.

"Ta ló rán ọ?"

Látọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pè é ní "ìwọ" rí.

"Ẹ̀yin náà lẹ pè mí, sà."

"Ta ló fún ọ ní fọ́tò rẹ̀?"

"Fọ́tò ta ni?"

Alàgbà dé fìlà rẹ̀ padà. Ràmọ́tà wojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó ti sọ ju ohun tó fẹ́ sọ lọ.

"Ẹ mọ obìnrin yìí, sà?"

"N ò mọ ẹnikẹ́ni. Kó ẹrù rẹ."

"Ẹ kàn sún mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ wò ó. Kò sí ọ̀dà lójú ibẹ̀ rárá..."

"Mo ní kó o kó ẹrù rẹ!"

Ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ògiri. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló rìn padà wọ ọkọ̀.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ọkùnrin mẹ́ta dé pẹ̀lú korobá ọ̀dà funfun. Wọn ò kí i. Wọ́n kun òkè àpáta, wọ́n kun igi kajú, wọ́n kun ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ tó ti kọ sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n kùn gbẹ̀yìn. Kí ó tó dé ibùdókọ̀, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò: obìnrin Ọ̀yọ́ yẹn ló ba ògiri jẹ́, àwọn ọ̀tá ló rán an wá tú àṣírí ilé Ògúndìran. Àṣírí wo? Kò sí ẹni tó bèèrè. Ṣé èèyàn ń fi ohun tí kò mọ̀ túni láṣìírí ni?

Ó padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó gbé pátákó kékeré kan sórí àga, ó ní òun á ya ojú ọ̀run lásán, láìsí igi, láìsí ọ̀nà. Ọjọ́ kejì, obìnrin náà wà nínú ojú ọ̀run. Ó ya odò, ó wà nínú odò. Wàyí o, èjìká rẹ̀ ti yí díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti ń hàn. Ràmọ́tà bínú, ó ní òun ò ní fi àlàfo kankan sílẹ̀ mọ́. Ó to àmì lé àmì títí kò fi sí funfun. Obìnrin náà lọ. Odò náà lọ pẹ̀lú. Ẹrẹ̀ ló kù lórí pátákó.

Ìyẹn ló wá kù fún un: kó ya ilẹ̀ kí obìnrin náà wà níbẹ̀, tàbí kó má yà á mọ́ láé. Àwọn oníṣẹ́ méjì tó kù tó ń gbé iṣẹ́ fún un rí i, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti kúnlẹ̀ níwájú pátákó.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ohùn ara rẹ̀ dẹ́rù bà á nínú ilé yẹn. Kò sí èsì. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di ọ̀sán, obìnrin náà ti sọ ọwọ́ orí rẹ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà náà, Ràmọ́tà ń kí i láràárọ̀, ó ń kí i kó tó sùn. Ìgbà mìíràn, ó máa ń fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á sì dúró sófo lẹ́nu, nítorí kò mọ̀ ọ́n.

Ó pe fóònù Alàgbà ní àìmọye ìgbà. Kò gbé e. Ló bá wọ ọkọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Mùnírù ti yí ìsọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀yìn ló kọ sí títì tó fi ń lẹ táyà.

"Ìyá Ọ̀yọ́, ẹ má wo ògiri yẹn lọ́sàn-án o."

"Wọ́n sáà ti fi funfun kùn ún tán. Kí ló kù níbẹ̀?"

Kò gbé orí sókè. "Kí ni àwọ̀ obìnrin náà, mà?"

Ràmọ́tà yíjú sí ògiri. Ó funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí àmì kan tó lè sọ fún èèyàn ibi tí obìnrin náà parí sí.

Ó kọjá lọ sí ilé Alàgbà Dámisí lápá kejì ìlú. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níta. Ó kan ilẹ̀kùn. Aṣọ fèrèsé mì, ó dúró. Ó tún kàn án. Ó ń gbọ́ tí ẹnì kan ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Lọ sílé rẹ, obìnrin yìí," ni Alàgbà wí láti inú.

Ràmọ́tà jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbọ́, sà. Ẹ ti pa orúkọ mi rẹ́, mo ti gbà. Orúkọ obìnrin yẹn ni mo wá gbà. Inú ilé mi ló ń gbé báyìí. Èmi ni mò ń kí i, èmi ni mò ń sùn tì í, ẹ̀yin lẹ sì mọ̀ ọ́n. Kí ni wọ́n ń pè é? Kí lẹ fi obìnrin náà ṣe? Mi ò ní dìde níbí. Alàgbà Dámisí Ògúndìran, ẹ dá mi lóhùn!"