Dókítà Ilé Sàlíhù

Ọmọge kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rù, kò fọwọ́ kàn án, ó ń bó ẹ̀pà jẹ lọ ní tirẹ̀. Ohun tí Ṣàfíù rí nìyẹn bó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Yaba, tó ti Ìbàdàn dé fún ọlidé. Háà! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lọ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀pà lẹ ń wò ni àbí èmi?"

"Méjèèjì ni."

Ọmọge bú sẹ́rìn-ín. Sìmíátù lorúkọ rẹ̀, Múṣin kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Ìgbà tó gbọ́ pé ọmọ Sàlíhù gbẹ́nàgbẹ́nà ni Ṣàfíù, ó kúnlẹ̀ tòun tẹrù lórí. "Ẹ̀yin ni Dókítà!"

Ṣàfíù kàn ní kó dìde ni. Ó ti pé ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ ti ń jẹ́ Bàbá Dókítà káàkiri àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ṣàfíù ti fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti gbé òkú tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ jáde, òyì a kọ́ ọ. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ báyìí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ níbẹ̀. Ilé ni kò tíì gbọ́.

Ojoojúmọ́ ló ń yà ní ṣọ́ọ̀bù Sìmíátù. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára, orí rẹ̀ sì dàrú. Ṣé òun ni ọmọ yìí fẹ́ràn ni, àbí Dókítà?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sìmíátù mú ìyá rẹ̀ wá sílé Sàlíhù. Egbò ẹsẹ̀ obìnrin náà ti wú, ó ti dúdú. "Dókítà mi, ẹ bá wa wò ó." Sàlíhù jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣàfíù wo egbò náà. "Ìyá, ẹ lọ sọ́sibítù lónìí yìí. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní í jẹ́ ẹ. Mo ti yí ẹ̀kọ́ mi padà. Tíṣà ni màá ṣe."

Sàlíhù dìde, ó wọlé. Sìmíátù mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Ṣàfíù ò yà ní ṣọ́ọ̀bù Sìmíátù mọ́. Àbámọ̀ ni àbí ìtura? Kò mọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ó gbọ́ ohùn ìyá Sìmíátù níta. "Bàbá Ṣàfíù, wọ́n ní ká ní mo fi ọjọ́ méjì pẹ́ sí i ni, wọn ì bá gé e. Òótọ́ tí ọmọ yín sọ ló gba ẹsẹ̀ mi là."

Àmúdàtù, àbúrò Ṣàfíù, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Sìmíátù tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀ fún un. "Àdúmáadán, ẹ káàárọ̀ o. Tíṣà wa ńkọ́?"

Gbogbo agboolé yíjú sí i. Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó ilé ló ń sọ àbúrò ọkọ lórúkọ?

Pákò bọ́ lẹ́nu Ṣàfíù. Sàlíhù wúkọ́, ó ní, "Tíṣà! Ìyàwó rẹ wà lórí eékún, o ò níí jáde ni?"