Òkúta Inú Àpótí Ife Ẹ̀yẹ

Ìbíyẹmí ṣí àpótí kó tún wo ife ẹ̀yẹ náà. Òkúta ló bá níbẹ̀.

Ara rẹ̀ kàn kú, bí ẹni tí wọ́n rì sínú yìnyín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn iléeṣẹ́ ṣètò bí wọ́n ṣe ń yẹ́ òṣìṣẹ́ wọn sí. Iléeṣẹ́ kan ní Palmgrove ń retí ife yẹn lọ́sàn-án. Ó ti já wọn kulẹ̀ rí. Bó bá tún já wọn kulẹ̀, iṣẹ́ parí, torí àwọn nìkan ni oníbàárà tó kù fún un.

Ó ránṣẹ́ pe Alhaji Ràmọ́nì, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bí èèyàn bá purọ́ ní Obanikoro, ní Bàrígà ni bàbá yìí á ti máa sín.

Alhaji wo ṣọ́ọ̀bù yíká. Àwọn ife tó wọ́n jùyẹn lọ wà lórí pẹpẹ, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó fìka ra òkúta náà. Ìka rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Yaqub, tó ń fín ọ̀rọ̀ sára ife, kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́búlẹ́bú irin bò ó bí ẹni tí wọ́n yí ní gàrí. Ó ní òun fín "Òṣìṣẹ́ Tó Ta Yọ" sí i, òun gbé e kalẹ̀, ó tán. Ibi tó fara tì lára ògiri dúdú.

Samson awakọ̀ tẹ̀lé e. Epo ọwọ́ rẹ̀ tó dín àkàrà fún gbogbo Ṣómólú. Ó ní bóun bá fẹ́ jalè, ṣé ife lòun á gbé, nígbà tí mọ́tò wà lọ́wọ́ òun? Ó gbá tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yà síbẹ̀.

Folúkẹ́, tó ń di ẹrù, ló kẹ́yìn. Ó nu àga kó tó jókòó. Ó nu àmì ọwọ́ Samson náà.

"Folúkẹ́," Alhaji wí, "kí lo gbé ife yẹn ṣe?"

Folúkẹ́ tún ń nu tábìlì. Alhaji gbé òkúta náà síwájú rẹ̀.

"Òkúta ojú títì nìyí. Ó yẹ kí yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ tó gbin iṣu. Ká ní Yaqub ló gbé e, ì bá dúdú. Ká ní Samson ni, epo ì bá máa kán. Ẹnì kan nù ún kó tó dì í."

"N ò tiẹ̀ mọ̀gbà tí mo nù ún, Alhaji. N ò lè di nǹkan ìdọ̀tí sínú àpótí wa."

Ó wá jẹ́wọ́. Àná, nígbà táwọn yòókù lọ, ló gbé òkúta síbẹ̀ kí Samson má baà mọ̀ pé àpótí ti fúyẹ́. Ìyá rẹ̀ tó ti Ṣakí wá ṣubú, egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́, ó wà ní ilé ìwòsàn eegun n'Ígbóbì. Gbogbo ìgbà ló ń bi í léèrè ohun tó ń ṣe l'Ékòó.

"Mo purọ́ fún wọn pé ẹ ti yẹ́ mi sí, Mà. Wọ́n ní káwọn rí i. Àárọ̀ yìí ni mo fẹ́ gbé e padà, wọn ò jẹ́ kó kúrò láyà wọn."

Ìbíyẹmí wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá àánú, kò rí ìyẹn náà. Gbogbo Èkó ló ti yẹ́ sí tán, àfi ẹni tó ń bá a di ẹrù.

Wọ́n lọ sí Igbóbì. Màmá náà dùbúlẹ̀, ife wà láyà rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹni tó dé, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde.

"Ọ̀gá ọmọ mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rí i. Olúwa á rí ẹ̀yin náà."

Fóònù ń dún lápò Ìbíyẹmí. Palmgrove ni. Ó na ọwọ́ sí ife náà. Ó bá màmá gbé e dúró dáadáa kó má baà jábọ́.

"Ó tọ́ sí i, Mà."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹ̀kọ àná. Ó ní ife náà ò ní í wá.