Ọ̀dà Funfun Lẹ́yìn Ìgbín

Nígbà tí Euloge kọ́kọ́ rí Màrúfátù nínú igbó bàbá rẹ̀ ní Igana, ní ilẹ̀ Pobè, ọmọbìnrin náà fàyà lélẹ̀ lórí ewé tútù, ó ń ka nǹkan jẹ́jẹ́. Ìrì ń kán sí ìborùn rẹ̀, kò bìkítà. Bó ṣe gbójú sókè tó rẹ́rìn-ín, ọkàn Euloge kúrò ní àyè rẹ̀.

Ọmọ Sakété ni Màrúfátù, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì. Ìgbín kékeré kan tí ìkarahun rẹ̀ lọ́ sí apá òsì ló ń wá. Igbó yìí nìkan ló ti rí i, méje péré. Ó fi ọ̀dà funfun sàmì sí wọn lẹ́yìn kí ó lè dá wọn mọ̀. Gbogbo èyí ló ṣàlàyé, àmọ́ ojú rẹ̀ ni Euloge ń wò. Ohun tó gbọ́ kò ju pé ó fẹ́ràn ìgbín lọ. Ní Igana, ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn ìgbín, ọbẹ̀ ló ń sọ.

Nígbà tí Màrúfátù padà wá lọ́sẹ̀ kejì, àwo ọbẹ̀ ata tó fi ìgbín méje náà sè ni Euloge gbé síwájú rẹ̀. Ọ̀dà funfun náà ló jẹ́ kí Euloge tètè rí wọn mú. Màrúfátù ṣa ìkarahun méje náà sínú báàgì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ó lè jẹ́ pé àwọn nìkan ló kù láyé,” ló sọ, ó sì gun ẹ̀yìn zémì, alùpùpù náà gbé e lọ.

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Euloge. Bàbá rẹ̀ sì tún fẹ́ ṣán igbó náà fún àgbàdo. Euloge lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní kí wọ́n gba ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà tó jẹ́ ìpín òun, kí wọ́n fún òun ní igbó náà dípò. Bàbá bi í pé ta ni yóò fẹ́ ẹni tí kò ní oko.

“Ẹni tí mo ń wá kò bèèrè oko, bàbá.”

Bàbá pòṣé, ó gbà.

Oṣù méjì ni Euloge fi ń wọ igbó láàárọ̀ kùtù láti wá irú ìgbín náà. Lọ́jọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀ Pobè, ó rí ọ̀kan lórí igi jíjẹrà, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó lọ́ sí apá òsì. Ó pe Màrúfátù lórí fóònù, ó sì jókòó ti ìgbín náà.

Ọ̀sán ni Màrúfátù dé. Ó fàyà lélẹ̀, ó wo ìgbín náà títí. Euloge fàyà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Mi ò fọwọ́ kàn án o.”

“Ṣé ebi ò pa ẹ́?”

“Ó ń pa mí. Ẹ̀fọ́ ni mo máa jẹ títí ayé.”

Màrúfátù rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìgò ọ̀dà rẹ̀, àmọ́ ìgbín náà ti kéré jù. Ó wá fa ọwọ́ Euloge mọ́ra, ó fi ọ̀dà funfun sàmì sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà.

“Kí n lè dá ẹ mọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, wá rí bàbá mi ní Sakété. Má fọ̀ ọ́ kúrò.”

Títí di ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ kan ni Euloge fi wẹ̀.