Lẹ́tà Inú Omi Ọṣẹ

Ojú ọkùnrin kan nìkan ni obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ rí láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ìbòmú búlúù bo ìsàlẹ̀, akoto bo orí, òógùn sì ń ṣàn láàárín méjèèjì. Ọkùnrin náà gbé ọ̀rá oògùn sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fẹ̀yìn rìn títí dé ẹnu géètì, ó wá dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń wo fèrèsé.

"Ẹ ṣeun, ẹ máa lọ!" ni aránṣọ náà kígbe láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"N ò lè lọ, mà. Oògùn àyà ni. Ọ̀gá mi ní kí n rí i pé ẹ mú un wọlé."

"Ẹ óò pẹ́ níbẹ̀ o."

"Kò burú, mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránṣọ kó tó mọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Àrùn gbòde, ìjọba ní kónílé ó gbélé, baba rẹ̀ tó fi ogójì ọdún wa bọ́ọ̀sì èrò sì ní àyà tí kò gba wàhálà. Dókítà ti sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì pé bí àrùn yìí bá fi lè wọ àyà yẹn, ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ò kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́; ọwọ́ nìkan ló ń nà síta mú ẹrù. Ìbòmú ló ń rán fún ilé ìwòsàn látàárọ̀ dalẹ́, ohunkóhun tó bá sì wọlé, inú básíà omi ọṣẹ ló kọ́kọ́ ń lọ: oògùn, kọ́kọ́rọ́, rọ́bà ìránṣọ. Ó tiẹ̀ fọ ìwé owó iná, ó sá a gbẹ, ó wá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkùnrin kẹ́míìsì náà ń wá. Baba ló sọ ọ́ ní Onísùúrù, òun náà sì sọ aránṣọ ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹ ti fọ ògiri lónìí?"

"Ó ku géètì. Ẹ sún kúrò níbẹ̀ kí n má baà fọ̀ yín mọ́ ọn."

Lọ́jọ́ kan, Onísùúrù rí i pé ojú obìnrin náà ti pọ́n. "Ẹ ò sùn?"

"Mo ń tẹ́tí sí bí Bàbá ṣe ń mí. Tí wọ́n bá wúkọ́, àyà mi á já. Tí wọ́n bá dákẹ́, á tún já."

Onísùúrù ò sọ pé kó má bẹ̀rù. Ó ní, "Èmi náà ń bẹ̀rù. Kí n tó kan géètì kankan, mo máa ń rọra mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é."

Ni wọ́n bá jọ mí, ọ̀kan lẹ́nu géètì, ọ̀kan lẹ́yìn gíláàsì, tí Onísùúrù ń fi ìka kà á. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, aránṣọ ti ń nu gíláàsì yẹn láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Onísùúrù wá fi lẹ́tà sáàárín oògùn. Ó fi bíró kọ ọ́ kún ojú ewé méjì, àmọ́ ó gbàgbé ẹni tó ń kọ̀wé sí. Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá náà ni aránṣọ dà sínú básíà. Ìgbà tí omi di búlúù ló tó fura. "Ẹ dákun" tó wà lókè nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ojú tì í. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ọkùnrin pé òun ti fọ lẹ́tà rẹ̀? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń retí pé kí Onísùúrù dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Onísùúrù wo ilẹ̀kùn títí. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá àgbàlagbà kan ló gbé oògùn wá.

"Onísùúrù ńkọ́, mà?"

"Ó ní kí n gba àdúgbò yìí lọ́wọ́ òun. Ó ní ẹnìkan níbí ti dá òun lóhùn."

Ọkàn aránṣọ bàjẹ́. Ó wọlé, ó jẹ́wọ́ fún baba rẹ̀. Baba rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá sí i.

"O fọ lẹ́tà ọkùnrin! Lọ bá a."

"Bàbá, tí mo bá kó àrùn wálé ńkọ́?"

"Àyà tèmi ló ń ṣàìsàn, ọmọ mi, kì í ṣe tìẹ. Ogójì ọdún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì, ọ̀nà ò sì fìgbà kan dára tán. Mo kàn ń rọra wà á ni. Wọ ìbòmú rẹ, má sún mọ́ ẹnikẹ́ni, kó o lọ."

Aránṣọ wọ ìbòmú rẹ̀. Ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lẹ́nu géètì, ó tún mí mẹ́wàá mìíràn, ó sì jáde.

Níwájú kẹ́míìsì, àwọn oníbàárà tò sórí ìlà pupa tí wọ́n kùn sílẹ̀. Onísùúrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́. Aránṣọ dúró sórí ìlà tó gbẹ̀yìn, ó sì ké.

"Onísùúrù! Mo fọ lẹ́tà yín!"

Gbogbo èèyàn yíjú. "Ẹ ṣe kí ni?" ni Onísùúrù bi í.

"Mo rì í sínú omi ọṣẹ. Mi ò ka nǹkan kan níbẹ̀!"

Ọwọ́ Onísùúrù dúró lórí okùn. "Ẹ ò kọ̀ mí, àbí?"

"Kí lẹ bi mí tí mo fẹ́ kọ̀?"

Onísùúrù wo àwọn tó tò sórí ìlà, ojú tì í. Bàbá arúgbó kan dá sí i pé, "Sọ ọ́ jàre! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo wá rà, má jẹ́ kó ru sí i."

"Mo ní mo fẹ́ fi yín ṣaya," ni Onísùúrù wí. "Mo ní mi ò mọ ọjọ́ tí àrùn yìí máa tán, àmọ́ tá a bá máa bẹ̀rù, ká jọ máa bẹ̀rù nínú ilé kan náà. Mo ní tẹ́ ẹ bá gbà, kẹ́ ẹ jáde sórí àtẹ̀gùn. Ìṣísẹ̀ kan péré ni mo bẹ̀bẹ̀ fún."

Aránṣọ wo ẹ̀yìn, ó wo òpópónà mẹ́ta tó ti rìn kọjá. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìṣísẹ̀ kan lẹ bẹ̀bẹ̀ fún," ló ní. "Ẹ wá ka èyí tí mo rìn."

Onísùúrù sáré bọ̀, ó rántí pé àwọn ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, ó sì dúró lórí ìlà. Ó ní kí aránṣọ jẹ́ kí òun sìn ín délé, kí òun lè dúró lẹ́nu géètì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Aránṣọ gba ọ̀tún títì, Onísùúrù ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ lápá òsì, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ sókè débi pé gbogbo fèrèsé àdúgbò ló ṣí.