Lẹ́tà Mọ́kànlélógún Tí Kò Dé

Ọjọ́ tí tíṣà obìnrin kan kọ́kọ́ rí ọkùnrin yìí, ńṣe ló tẹ̀ ba orí ìwé onígun-mẹ́rin kéékèèké, tó ń fi rúlà àti pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i lójú bí ẹni ń kọ ọmọ nílà. Abájọ tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń pè é ní Olóòlà.

Ìṣirò ni tíṣà náà ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé girama. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, ló rán an wá sí ọ́fíìsì yìí, ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà tó ń báni ra ìpín ilé iṣẹ́, pé kó bá òun béèrè bí ìpín tí òun rà ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ṣe ń ṣe sí. Ibi tó ti ń dúró de akọ̀wé ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí nìyẹn ń sọ?"

"Iye tí wọ́n ń ta ìpín sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́ ni. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn á rí ibi tó ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á gòkè."

"Ìlà ló bá yín sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìlà ni."

"Èmi ò mọ̀ pé ìlà lẹ́nu." Ó yọ owó ẹyọ kan nínú pọ́ọ̀sì, ó jù ú sókè, ó sì fàtẹ́lẹwọ́ hán an. "Bí owó yìí bá dojú bolẹ̀ nígbà méje léra wọn, ṣé ẹ máa ní ó ń bínú sí yín ni? Ìgbà kẹjọ ò mọ nǹkan kan nípa ìgbà keje. Iye ọ̀la ò mọ iye àná rí. Ẹni tó bá rí ọ̀nà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló là á."

"Owó ẹyọ ò ní ẹ̀rù, kò sì ní ojúkòkòrò," ni Olóòlà fèsì. "Èèyàn ló ń ra ìpín. Ohun tí èèyàn bá ṣe lánàá, ọwọ́ ẹ̀ á tún fẹ́ ṣe é lónìí. Ẹ̀yin gan-an, mo mọ̀ pé ẹ máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ lè rí i bóyá mo purọ́."

Tíṣà rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá. Ìpín sìmẹ́ńtì ti já wálẹ̀.

"Ti sìmẹ́ńtì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ni Olóòlà wí, ó sì fa àga fún un. "Ṣùgbọ́n tiyín ṣẹ."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jiyàn, tí wọ́n fi ń sin ara wọn dé ìdí ilé. Ìgbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, àríyànjiyàn náà ti di ìfẹ́, "ẹ" ti di "o", ọkùnrin náà ò sì pè é lórúkọ mìíràn mọ́ ju "Tíṣà mi" lọ.

Bàbá tíṣà ni kò rí i bẹ́ẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ ojú irin," ló sọ fún ọmọkùnrin náà. "Bí mo bá ní aago mẹ́wàá ni a máa dé, aago mẹ́wàá la ń dé. Ìwọ, o ní á gòkè, ó wálẹ̀. Irú iṣẹ́ wo nìyẹn?"

Ọ̀gá Olóòlà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó lọ ṣiṣẹ́ ọdún kan àbọ̀ ní ẹ̀ka ọ́fíìsì wọn ní ìlú jíjìn. Bàbá gbọ́, ó ní, "Lọ. Bí o bá fara balẹ̀ ṣe é parí, wá, ká sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. O lè máa kọ̀wé sí ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ṣẹ nínú ilé yìí."

"Mo gbọ́, sà," ni Olóòlà wí.

Ní ìdíkọ̀ ojú irin, ó di ọwọ́ tíṣà mú títí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. "Màá máa kọ̀wé," ló wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà ń dé. Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀: "Lọ́jọ́ Ajé mo ní á gòkè, ó gòkè." Tíṣà á rẹ́rìn-ín sí fáàrí yẹn, á wá ka ìyókù nígbà mẹ́ta: yàrá rẹ̀ tí kò ní ju fèrèsé kan lọ, àga kejì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí, àárò rẹ̀ tó ń sọ ọ́ bí ó bá rí ẹni tó mú owó ẹyọ lọ́wọ́. Nínú kíláàsì, bó bá gbé rúlà lé pátákó, ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń rí.

Nígbà tó yá, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan, mẹ́ta, ó di mẹ́rin. Tíṣà gé ìwé onígun-mẹ́rin kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì ń sàmì sí iye ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín lẹ́tà kan àti èkejì. Ó ní ìṣirò lásán ni. Lọ́jọ́ kan, ó fi rúlà so àwọn àmì náà pọ̀. Ìlà náà ń gòkè bí àtẹ̀gùn, ibi tó ń lọ sì hàn kedere: ọkùnrin náà ń gbàgbé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó ní ìlà ò lẹ́nu wá jókòó ti ìlà, ó ń tẹ́tí sí i.

Àǹtí, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń bá wọn gbé, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tó ti ń wá abẹ́rẹ́.

"Ìwé ilé ìwòsàn wo nìyí? Ta ni ibà ń ṣe nínú ilé yìí?"

"Èmi ni, Àǹtí."

Àǹtí wò ó lójú, ó rọra pa ilẹ̀kùn náà dé. Kò wá abẹ́rẹ́ mọ́.

Ní àkókò yìí ni apòògùn kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wọn. Aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú ló ń kanlẹ̀kùn, kì í yẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bàbá á wo aago, inú rẹ̀ á dùn. "Èèyàn gidi nìyẹn," ló ń wí. Èèyàn gidi ni lóòótọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín, tíṣà náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń bẹ lójú títì, níbi tí agogo kẹ̀kẹ́ ti ń dún bíi ti ẹni tó ń pín lẹ́tà. Nígbà tó yá, apòògùn bi í bóyá ó máa fẹ́ òun. Ó ní òun á gba èsì lọ́jọ́ Àìkú méjì sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun méje ti kọjá nígbà náà láìsí lẹ́tà. Tíṣà yọ ìwé náà lára ilẹ̀kùn, ó kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀: "Ìwọ lo ní ẹni tó bá tẹjú mọ́ ìlà á rí ibi tó ń lọ. Mo ti rí i. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màá fún ẹlòmíràn lésì." Ó fi ránṣẹ́. Ó wá ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Ní ọ̀sán Sátidé, Olóòlà dé pẹ̀lú eruku lára. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tíṣà jókòó tì í, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó dìde, ó sì gbé ìdì lẹ́tà kan tí wọ́n fi òwú so lé tíṣà lẹ́sẹ̀.

"Mọ́kànlélógún," ló wí. "Kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí mi ò kọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ tí àsọtẹ́lẹ̀ mi bá ṣẹ, mo fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá ṣẹ, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Bàbá ní àwọn ò fẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ṣẹ nínú ilé yìí."

Bàbá wúkọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ṣé sìmẹ́ńtì ni kó wá máa pàṣẹ ìgbà tí ọmọ mi máa rẹ́rìn-ín?"

"Rárá, sà."

"Irọ́ ni mo ní kó o má pa. Mi ò ní kó o yadi."

Tíṣà ti já òwú. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kà pé: "Mo ní á gòkè, ó wálẹ̀. Ojú ń tì mí. Tíṣà mi, àárò rẹ ń sọ mí." Èkejì náà kò jìnnà sí i. Ojú rẹ̀ ṣú, kò rí ẹ̀kẹta kà.

"Nínú ogójì ọ̀sẹ̀, mélòó ló ṣẹ?" ló bi í.

"Mọ́kàndínlógún."

"Owó ẹyọ ì bá gba ogún."

"Mo ti mọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ méje tó kẹ́yìn ńkọ́?"

"Mo ṣì í tẹ̀léra tẹ̀léra."

Tíṣà pa lẹ́tà náà mọ́ àyà. "Ìgbà méje ló dojú bolẹ̀," ló rọra wí. "Èmi tí mo kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo ní ó ń bínú sí mi."

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni bàbá wí, "ẹ yẹ ara yín. Olóòlà, aago mélòó lọkọ̀ rẹ ń padà?"

"Mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la, sà."

"Má pẹ́ dé ìdíkọ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó ṣẹ o, kó má ṣẹ o, fi ránṣẹ́."

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú, apòògùn kanlẹ̀kùn. Tíṣà sọ òótọ́ fún un. Ọkùnrin náà ká ánkáṣíìfù rẹ̀ sí mẹ́rin. "Mo ti fura," ló wí. "Bí agogo kẹ̀kẹ́ bá ti dún lóde, ẹ máa ń dìde." Lọ́jọ́ yẹn, bàbá ò wo aago.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógójì. Ilé dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àga kejì tó wà lọ́nà jíjìn ò sì tíì rí ẹni jókòó sí. Kò sí ìwé kankan lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà lu agogo. Tíṣà ò dúró wọ bàtà.

"Mo ní á gòkè, ó wálẹ̀," ni Olóòlà kọ. "Àárò rẹ ń sọ mí."

Òmíràn dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: "Mo ní á wálẹ̀, ó gòkè. Àárò rẹ ń sọ mí."