Ibi Tí Omi Ti Dúró Nínú Orí Bíríkìlà

Gúnrégé ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe bíríkìlà náà, nítorí ògiri tó bá mọ kì í wọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wo ìlà búlọ́ọ̀kù kẹta, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ògiri yìí ti tẹ̀ sápá òsì."

"Ọrùn ẹ ló tẹ̀."

Kò tíì pa ẹnu dé tí búlọ́ọ̀kù fi bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ìgbà kejì rèé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí orí ti ń fọ́ ọ láràárọ̀, tó sì ń bì. Òun ní oòrùn ni. Àbúrò kò gbà, ó rántí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n tọ́jú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

"Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

Bí dókítà ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ó ní kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ lọ́jọ́ náà gan-an, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní MRI.

Gúnrégé rí ihò funfun gbọọrọ inú ẹ̀rọ náà, ó fà sẹ́yìn. Ó bi obìnrin tó ń ya àwòrán pé, "Ọmọ mi, ṣé kò ní jó mi lórí?"

"Rárá, bàbá. Òòfà ló fi ń ṣiṣẹ́, ariwo rẹ̀ nìkan ló pọ̀. Ṣé kò sí irin kankan nínú ara yín?"

"Kò sí, àfi orí kunkun tí ìyàwó mi ní mo ní."

"Ìyẹn ò dí ẹ̀rọ lọ́wọ́."

"Kí ló wá fẹ́ wò?"

"Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ. Níbi tí jẹjẹrẹ bá ti ṣùjọ, omi lè má ríbi kọjá. Ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ yàtọ̀."

Ojú Gúnrégé là. "Bí omi ṣe ń sáré kọjá nínú yanrìn, tó bá kan amọ̀, á dúró?"

"Ó yé yín ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ."

Ó gun ibùsùn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bí ọ̀gá tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò.

Lọ́sàn-án, dókítà fi àmì méjì hàn wọ́n lápá ọ̀tún ọpọlọ. Kò sí èyí tó ju hóró ẹ̀wà lọ.

"Jẹjẹrẹ ló ràn wá láti ẹ̀dọ̀fóró. Mo fi àwòrán ìrìn omi wé àwọn tí a yà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ inú iṣan tó ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ hàn dáadáa, ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ tètè dé. A lè dojú ìtànṣán kọ wọ́n láì la orí."

Àbúrò ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Gúnrégé kàn béèrè pé, "Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?"

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, àwòrán tuntun fi hàn pé àmì kan ti súnkì, èkejì kò hàn mọ́. Wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ rí, níbikíbi lára, tí orí fífọ́ àárọ̀, èébì, gìrì, ojú bàìbàì, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ tàbí ọwọ́ tó rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí, kó má lo oògùn ìrora kó sùn lé e. Kó lọ sọ fún dókítà pé òun ti ní jẹjẹrẹ rí, kó sì béèrè bóyá àwòrán ọpọlọ yẹ òun. Bí irin bá wà nínú ara rẹ̀, kó sọ ọ́ kó tó wọnú ẹ̀rọ.

Ìwọ tí o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí o rí ohun tí òun kò rí, má bẹ̀rù ìbínú rẹ̀. Sọ ọ́, kí o sì bá a lọ.